Mọ́fíìnì kan tó dín nínú kọ́bọ́ọ̀dù

Aago méje àárọ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Iṣẹ́ òru mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo sì dúró nínú yàrá oògùn wọ́ọ̀dù wa, ní ilé ìwòsàn kan ní àríwá ilẹ̀ England, níwájú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, èmi àti àǹtí tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, páálí abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń kà á náà ni wọ́n ṣe kà á lọ́jọ́ yẹn: wọ́n á gbé orí ìka lé ámpúùlù kan, wọn kò sì ní gbé e kúrò títí ẹnu wọn á fi pe iye rẹ̀ tán. Mo ti sọ fún wọn pé 14 ló wà nínú ìwé. Ìka wọn dúró lórí ìkẹtàlá, kò sì sí òmíràn níwájú rẹ̀. Wọ́n tún un kà. Wọ́n gbé páálí náà sókè, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n wo kọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn páálí oxycodone, bóyá ọ̀kan ti yí lọ síbẹ̀. Mẹ́tàlá náà ni. Àyà mi já.

Ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì lè béèrè pé kí ló wà nínú ámpúùlù kan ṣoṣo, ìgò tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oògùn yìí la fi ń pa ìrora ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, òun náà ló lè dá èémí ènìyàn dúró bí ó bá pọ̀ jù lára rẹ̀, òun náà ló sì lè di bárakú fún ẹni tó bá ń gún un láìsí ìrora kankan lára. Ìdí nìyí tí òfin fi ń ṣọ́ ọ. Ní Ìlú Ọba níbí, òfin ọdún 1971 lórí àṣìlò oògùn ló ń ṣọ́ àwọn oògùn bẹ́ẹ̀, ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2001 ló sì pín wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí kejì ni mọ́fíìnì, diamorphine, oxycodone, fentanyl àti pethidine wà, ketamine sì wọ ibẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2015. Oògùn kọ̀ọ̀kan, àti ìwọ̀n rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé. Orí ìlà kan ṣoṣo la máa ń kọ ọjọ́, aago, orúkọ aláìsàn, ìwọ̀n tí a fún un, orúkọ ẹni tó fún un, orúkọ ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí, àti iye tó kù. A kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú rẹ̀, a kì í fi ìlà ha á, bí a bá sì kọ ìwé náà kún, ọdún méjì gbáko la gbọ́dọ̀ fi pa á mọ́ láti ọjọ́ tí a kọ ìlà ìkẹyìn sí i. CD, ìyẹn controlled drugs, ni wọ́n ń pe àwọn oògùn wọ̀nyí níbí. Ní Nàìjíríà tí mo ti kọ́ṣẹ́, DDA la máa ń pè wọ́n, orúkọ tí a jogún láti inú òfin oògùn eléwu tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1935. DDA ni kọ́bọ́ọ̀dù, DDA ni ìwé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ DDA bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ẹrù ńlá ló wà lọ́rùn òun.

Àǹtí náà ti pẹ́ ní ìlú yìí jù mí lọ dáadáa. Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí a kì í sábà ṣe lẹ́nu iṣẹ́.

"Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó fọ́. Jẹ́ ká kọ ọ́ pé ó fọ́, kí n fọwọ́ sí i, kí o máa lọ sinmi. Ṣé a ò ní bo ara wa láṣìírí ni?"

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyẹn kó sì rò pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, ìfẹ́ náà sì jinlẹ̀ nínú wa. Kò sí ibi tí a ti ń gbàdúrà tí a kì í bẹ Ọlọ́run pé kó bo àṣírí wa, ẹni tó bá sì rí ìhòòhò ọmọnìkejì rẹ̀ tó fi aṣọ bò ó, ọmọlúàbí la ń pè é. Ẹ̀rù tó sì ń ba wọ́n nítorí mi kì í ṣe ẹ̀rù lásán. N kò tíì pé ọdún méjì ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, orí ìwé tí ilé ìwòsàn náà fi gbà mí síṣẹ́ ni físà mi dúró lé. NMC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ti gbà fúnra rẹ̀ pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi ẹjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú sùn ju bí iye wa ṣe tó lọ. Nọ́ọ̀sì tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá bá ní ilẹ̀ àjèjì kò ní ṣàì rò ó pé ojú olè ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wo òun.

Bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣí i. Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, nílé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá. Bọ̀ọ̀dá kan ló jẹ́ ọ̀gá wa lóru. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wá iṣan ọmọ ìkókó láìdẹ́rù bà á, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo máa di nọ́ọ̀sì gidi. Pentazocine ni abẹ́rẹ́ ìrora tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ámpúùlù kan sì jẹ́ mílígíráàmù 30. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé kí a fún ọmọdé tàbí arúgbó ní 15, a gbọ́dọ̀ da 15 tó kù nù lójú ẹlẹ́rìí. Bọ̀ọ̀dá á pè mí láti òdìkejì wọ́ọ̀dù pé kí n wá fọwọ́ sí i pé mo rí i nígbà tí àwọn da ìyókù nù. N kò rí i. Mo máa ń fọwọ́ sí i, torí pé ọ̀gá mi ni wọ́n, torí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wa, àti torí pé bíbi wọ́n léèrè ìyókù dà bí ìgbà tí mo bá sọ fún wọn pé olè ni wọ́n.

Ní òru ọjọ́ kan, ìyá aláìsàn kan di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, ṣé omi ni? Kò ràn án rárá." Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lẹ́nu lásán ni, kò mọ ohun tó ń sọ. Mo lọ wo ìwé: 30 ni, aago mọ́kànlá, orúkọ bọ̀ọ̀dá, orúkọ mi. Mo padà lọ sọ fún ìyá náà pé kó ní sùúrù, pé ara kì í gba oògùn bákan náà. Ọmọ náà fi eyín di etí aṣọ ìbora mú kó má bàa pariwo sí àwọn ìyókù létí, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn náà lọ tí a bá bọ̀ọ̀dá nílẹ̀ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, sírínjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé wọn tú, kò sì sí ẹnikẹ́ni, èmi náà kò yọ ara mi sílẹ̀, tó mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti lè gba ìtọ́jú. Nígbà tí àwọn apoògùn kó ìwé DDA jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n. Ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé a da ìyókù nù, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà róbótó tí mo fi ń yangàn nígbà náà. Mo rò pé àṣírí ni mo ń bò. Egbò ni mo fi aṣọ bò, ó sì ń jẹrà lábẹ́ aṣọ.

Àwọn kan ṣì ń rò ó pé àìsàn àwọn ọmọ ìta ni bárakú oògùn, kò kan oníṣẹ́ ìlera. Ìwádìí lórí lílo oògùn ní Nàìjíríà ti ọdún 2018, tí àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe, fi hàn pé bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan, àti pé bíi mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo irú àwọn oògùn ìrora tí mo ń sọ yìí, tramadol, kódéènì, mọ́fíìnì. Nọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kì í sùn lóru, tí ọ̀rọ̀ ilé sì wà lọ́kàn rẹ̀, sún mọ́ oògùn náà ju ọmọ ìta lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe dé bírò mi padà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo mọ̀ pé nítorí mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá a." Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn.

Bí a ṣe wá a ni mo fẹ́ sọ ní kíkún, torí pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń bi mí. Ohun àkọ́kọ́ ni pé a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́ lóru lọ sílé, a sì pe nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù ní kíá. A kò dúró títí a ó fi wá a tì ká tó pè é, torí pé bí ó bá ti pẹ́ tí a kò sọ ni àlàyé wa yóò máa dà bí irọ́. Lẹ́yìn náà a padà sí ìgbà ìkẹyìn tí ìwé àti kọ́bọ́ọ̀dù bára mu, ìyẹn aago mẹ́jọ alẹ́ tí mo gba iṣẹ́: 17 ni. Láti ibẹ̀, a ka ìlà kọ̀ọ̀kan síta. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó ku 16. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku 15. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ku 14. Ìyọkúrò náà pé. A wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ abẹ́rẹ́ mílígíráàmù 10 sí ojú ewé ti mílígíráàmù 30, torí pé páálí méjèèjì jọra gan-an lójú ẹni tí oorun ń kùn. A wò ó bóyá wọ́ọ̀dù mìíràn yá ọ̀kan lóru, bóyá a dá ọ̀kan padà fún fámásì, bóyá iye yí padà nígbà tí wọ́n ṣí ojú ewé tuntun, èyí tó wọ́pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí a wá gbé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá lórí kọ̀ǹpútà, tí a fi ń wé ìwé, la rí i. Ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì 6 gba mílígíráàmù 5 ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Orúkọ èmi àti ẹnìkejì mi, nọ́ọ̀sì tí a jọ ṣiṣẹ́ lóru náà, wà lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí nínú ìwé. Kíá ni gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn: ìrora ìyá náà le gan-an, a mú ámpúùlù náà jáde, a fi ìwé sílẹ̀ ní ṣíṣí pẹ̀lú èrò pé a ó kọ ọ́ nígbà tí a bá padà, a fún un ní 5, a da 5 tó kù sínú àpótí ìdanù lójú ara wa, a tẹ orúkọ wa sí kọ̀ǹpútà, ni bàbá àgbàlagbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì 11 bá ṣubú. Àwa méjèèjì sáré. Nígbà tí a fi gbé bàbá dìde tí dókítà sì yẹ orí rẹ̀ wò tán, ẹnìkan ti pa ìwé dé.

Ẹ̀bi mi ni, n kò sì ní dín in kù. Ìwé ló yẹ kí a kọ́kọ́ kọ kí oògùn tó kúrò níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì ló dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà ni mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo mú òmíràn ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wo ìlà tó ṣáájú, mo rí 15, mo yọ ọ̀kan, mo kọ 14. N kò ka ohun tó wà nínú páálí. Bí mo bá kà á, 13 ni ǹ bá bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá sì ti yanjú nígbà tí gbogbo wa ṣì wà níbẹ̀ tí iyè wa sì ṣì jí. Ìṣirò ni mo fi orúkọ mi jẹ́rìí sí, kì í ṣe oògùn. Mo gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iye tí kì í bára mu ní wọ́ọ̀dù kò ti ọwọ́ olè wá rárá. Irú ìṣẹ́jú báyìí ló ń bí i, nígbà tí ọwọ́ ń kọ ohun tí ojú kò kà.

A kò há ìlà tuntun sáàárín ìlà àtijọ́. Orí ìlà tó ṣófo tó kàn la ti kọ ọ́, a kọ aago tí a ń kọ ọ́ gan-an, a sọ pé àkọsílẹ̀ tó pẹ́ ni, a sọ aago tí a fún aláìsàn ní oògùn, ìwọ̀n tí a fún un àti ìwọ̀n tí a dà nù, ẹnìkejì mi tó ti wọ kóòtù rẹ̀ tán padà wá fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ó ku 13. Mo kọ ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sórí Datix, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń jábọ̀ àṣìṣe, kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. A tún padà lọ wo ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì 6, bí ó ṣe ń mí, bí ìrora rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó dá a sí ni pé kọ̀ǹpútà ni a kò gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni a kọ ọ́ sí tí a sì gbàgbé kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì mìíràn ìbá wo kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́rin, kó rò pé kò tíì gba nǹkan kan, kó sì fún un ní òmíràn.

Oògùn olómi ní ọ̀ràn tirẹ̀. Oramorph tó jẹ́ mílígíráàmù 10 nínú mílílítà 5 wà ní ìsọ̀rí karùn-ún lábẹ́ òfin, kò sì di dandan kí a tì í pa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń tì í pa bákan náà. Ẹ̀kán á kù lára sírínjì, ẹ̀kán á kù lára ìgò, nígbà tí ìgò bá sì fi máa tán, iye lè dín díẹ̀. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó gbà láàyè. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n kí ẹ wá kọ iye tó wà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí a ó wá a títí tí a kò ní rí i. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kó kúrò. Òfin ti ní ẹni tó ń gbà á. Nílé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan níbí, òṣìṣẹ́ àgbà kan wà tí òfin yàn láti dáhùn fún àwọn oògùn yìí, ipò náà sì wá láti inú òfin ìlera ọdún 2006. Ìtàn tó bí i burú. Harold Shipman, dókítà kan ní ìlú Hyde, ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní oṣù kìíní ọdún 2000 pé ó fi diamorphine pa 15 nínú àwọn aláìsàn rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ Dame Janet Smith wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ìròyìn rẹ̀ kẹrin, tó jáde ní ọdún 2004, dá lé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ oògùn wọ̀nyí. Ohun tí n kò lè gbàgbé nínú rẹ̀ ni pé ní ọdún 1976, ilé ẹjọ́ ti dá ọkùnrin yìí kan náà lẹ́bi pé ó ń fi ìwé èké gba pethidine fún ara rẹ̀. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn 600 pọ́n-ùn, ó gba ìtọ́jú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó béèrè bó ṣe yẹ nípa iye diamorphine tó ń gbà.

Nítorí náà, bí iye bá dín tí a kò rí ìdí rẹ̀, tàbí tí ó ń dín lemọ́lemọ́, àwọn ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì lè máa kíyè sí: ẹni tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń jẹ̀rora lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí ara àwọn ẹlòmíràn ń balẹ̀ fún, ẹni tó máa ń mú ámpúùlù ńlá nígbà tí kékeré wà, kí ìyókù lè pọ̀, ẹni tó ń da ìyókù nù kí ẹlẹ́rìí tó dé, ẹni tó ń wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí lára bọ̀ọ̀dá. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn láti máa gún abẹ́rẹ́ ìrora nítorí pé àánú àwọn aláìsàn ń ṣe é gidigidi. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti tú àpò ẹnikẹ́ni wò, tàbí láti pe ẹnìkan sí kọ̀rọ̀ ká ní kó jẹ́wọ́, tàbí láti sọ ọ́ lórí WhatsApp àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ wa ni kí a kọ ohun tí a rí gan-an sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí a yọ ohun tí a rò kúrò nínú rẹ̀, kí a sì gbé e fún ẹni tó yẹ kó gbà á. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀gá wa, ẹni tó ga jù ú lọ la ó gbé e fún, tàbí fámásì, tàbí òṣìṣẹ́ àgbà tí mo sọ lókè yẹn. Ìlànà NMC sọ ọ́ ní kedere pé nọ́ọ̀sì tó bá rí ewu kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́.

Sísọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè má tó, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Gosport War Memorial, ní gúúsù England, àwọn nọ́ọ̀sì kan ti ń sọ láti ọdún 1991 pé bí wọ́n ṣe ń fún àwọn arúgbó ní diamorphine kò tọ́. Ọdún 2018 ni ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé ó kéré tán, ẹ̀mí 456 ènìyàn ni oògùn náà gé kúrú níbẹ̀. Kì í ṣe oògùn tó sọnù ni wọ́n ń jà lé lórí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì náà rí ohun tó wà níwájú wọn, wọ́n sì sọ ọ́, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ló di etí. Mo máa ń ronú nípa wọn bí wọ́n ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí a bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà ṣì jẹ́ ènìyàn wa. Bí ó bá jẹ́ pé bárakú ni, àìsàn ló ń ṣe é, ọjọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá wakọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kí ẹnìkan sìn ín, kí ẹnìkan pè é lálẹ́, kí dókítà àwọn òṣìṣẹ́ rí i. Àánú tí mo rò pé mo ṣe bọ̀ọ̀dá pẹ̀lú ìbọwọ́lùwé mi, ibí yìí ló yẹ kí n ti ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí wọn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, ní ibùdó ọkọ̀. Wọ́n ti rù. Wọ́n béèrè àlàáfíà ìyá mi, mo sì dáhùn, n kò rí ohun mìíràn sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ mọ́fíìnì náà, apoògùn gòkè wá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó ka ohun gbogbo fúnra rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè bí ogún ìṣẹ́jú. Àǹtí kò fi mí sílẹ̀. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì bu tíì fún mi. Lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa pé kí n tún ẹ̀kọ́ lórí oògùn wọ̀nyí ṣe, mo sì tún un ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì tún pàdé níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti ṣí ìwé, mo fẹ́ ka iye tó kù síta bí a ti máa ń ṣe, wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Má tíì sọ fún mi." Wọ́n gbé orí ìka lé ámpúùlù àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo sì fi ọwọ́ bo ojú ìwé títí wọ́n fi kà á tán.